Ìyàwó Àlejò, Ọkọ Àlejò: Ta Ni Òfin Yóò Sọ Di Ọmọ Ilé?

Ẹ jẹ́ kí á fi agboolé kan ní ìlú Ìmẹ̀kọ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ká ní baálé ilé náà bí ọmọ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Nígbà tí ọkùnrin náà tó ìyàwó fẹ́, Kétu ni ó lọ. Ó rí omidan kan tó wù ú níbẹ̀, àwọn àgbà bá a tọrọ rẹ̀, wọ́n sì gbé ìyàwó wálé. Ní ọdún kejì, ọmọbìnrin ilé náà rí ọkọ. Ọmọ Kétu ni òun náà, káfíńtà ni, ó sì pinnu pé Ìmẹ̀kọ ni òun yóò tẹ̀dó sí nítorí pé ibẹ̀ ni òun ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí ọdún bá dé, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀.

Ta ni àlejò nínú àwọn mẹ́rin yìí? Bí a bá bi àwọn baba ńlá wa léèrè, wọn yóò ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, nítorí pé ìlú tó wà lábẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ jẹ́ kí àwọn òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí wọn yóò là sáàárín ilẹ̀ tí oníkálùkù wọn ń gbà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń fi Kútọnu pè, ni Kétu wà. Nítorí náà, lójú òfin Nàìjíríà, àlejò ni ìyàwó tí ọmọkùnrin ilé gbé wálé, àlejò sì ni ọkọ tí ọmọbìnrin ilé fẹ́.

Títí dé ibí yìí, ẹjọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni pé bí ìyàwó náà bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, ìgbéyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ọkọ náà ní tirẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ kò ṣí ohunkóhun. Bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni rí ní Nàìjíríà ni òfin ṣe ń wò ó. Ọdún 15 ni yóò fi dúró kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan púpọ̀ nínú yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn ọmọbìnrin wa ń fẹ́ ọkọ láti Gáná, láti Togo, láti Kamẹrúùnù, láti ibi tó jìn ju ìwọ̀nyí lọ pàápàá. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí àti ìrẹsì ni gbogbo ènìyàn ń rò. Kò sí ẹni tí í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń jó. Ó di ìgbà tí ọkọ bá fẹ́ wáṣẹ́ ìjọba, tàbí tí ọlọ́pàá bá dá a dúró lójú ọ̀nà, kí ìyàwó tó mọ̀ pé àlejò ni olórí ilé òun.

Ọ̀nà mẹ́ta

Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni ìbí, èyí wà ní abala 25. Èkejì ni ìforúkọsílẹ̀, ó wà ní abala 26. Ẹ̀kẹta ni ìsọdọmọ, ó wà ní abala 27. Ìsọdọmọ yìí ni ti àjèjì pátápátá tí ó wá gbé ilẹ̀ wa, tí ó pẹ́ níbẹ̀, tí ó sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n ka òun mọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ìbí, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ yín. Ọmọ tí a bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, bí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí tó bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni nípa ìbí. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, bí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí. “Bàbá tàbí ìyá” ni òfin wí. Àṣà wa ló ní ọmọ bàbá ni ọmọ, òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọmọbìnrin ilé Ìmẹ̀kọ yẹn bá bí fún káfíńtà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ tí wọ́n ti délé ayé, ìyá wọn ni ó fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀ tí a bí ọmọ sí ló ń sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà. Bí àlejò méjì tí kò ní òbí kankan níhìn-ín bá bímọ sí Èkó, ọmọ náà kò tìtorí pé Èkó ni a bí i sí di ọmọ Nàìjíríà.

Wàyí o, ti ìyàwó. Abala 26 sọ pé obìnrin tí ó jẹ́ aya ọmọ Nàìjíríà, tàbí tí ó ti jẹ́ aya rẹ̀ rí, lè forúkọ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó jẹ́ oníwà rere, kí ó fi hàn gbangba pé Nàìjíríà ni òun fẹ́ máa gbé, kí ó sì búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí orílẹ̀-èdè yìí. Òfin kò ka iye ọdún kankan fún un. Ẹ sì kíyè sí “tí ó ti jẹ́ aya rẹ̀ rí” yẹn. Opó wà nínú rẹ̀, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó àlejò nínú ìdílé yín fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lẹ́yìn ikú ọkọ ni àwọn ará ilé ọkọ máa ń rán irú obìnrin bẹ́ẹ̀ létí pé kì í ṣe ara ilẹ̀ yìí.

Àwọn obìnrin àlejò tí ọkọ wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tilẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ọdún 1979. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Nigerwives ni orúkọ rẹ̀. Lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni títẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn afọ́jú, èyí tí a fi ìka kà. Obìnrin tí kò bá rí ẹni bá sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ yóò rí àwọn tó ti rìn ọ̀nà náà níbẹ̀.

Ọkọ tí ń ka ọdún

Abala 27 ni ti ọkọ, òun àti gbogbo àlejò yòókù. Ó gbọ́dọ̀ ti tó ọjọ́ orí àgbà, kí ó jẹ́ oníwà rere, kí ó fi hàn pé òun fẹ́ máa gbé Nàìjíríà títí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè ṣe ohun tí yóò mú ìlọsíwájú bá ilẹ̀ yìí. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún 15 láìdáwọ́dúró kí ó tó kọ̀wé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó ti gbé ibí fún oṣù 12 gbáko kí ó tó kọ̀wé, kí àpapọ̀ àkókò tí ó fi gbé ibí nínú ogún ọdún tó ṣáájú oṣù 12 náà má sì dín ní ọdún 15. Ọ̀nà kejì yìí wà fún ẹni tí iṣẹ́ ń mú lọ mú bọ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo máa ń rò ó lọ, rò ó bọ̀. Òfin ní kí Gómìnà ìpínlẹ̀ tí àlejò náà ń gbé, tàbí tí ó fẹ́ gbé, sọ bóyá àwọn ará àdúgbò ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àti bóyá ó ti wọnú ìṣe àti àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀. Báwo ni a óò ṣe wọn èyí? Ṣé iye ìgbà tí ó bá jẹ iyán ni, àbí bí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ti gún tó? Òfin kò sọ. Káfíńtà ọmọ Kétu wa yóò yege nínú èyí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ta ni yóò kọ́ ọ ní èdè tàbí ìwà Yorùbá? Ọdún ni yóò dá a dúró.

Ọdún náà kò sì le tó ẹ̀rí ọdún. Orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà jọ wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ náà ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ gba ìwé ìgbélùú. Ṣùgbọ́n ta ni í ka 90 ọjọ́ láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ? Alùpùpù ni ọkọ gùn wá, ọ̀nà oko ni ó gbà, kò sí ẹni tó lu òǹtẹ̀ sí ìwé kankan fún un. Ó lè gbé Ìmẹ̀kọ fún 20 ọdún kí ó sì má rí ìwé kan fi hàn pé òun gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ tí ìwé bá ti bẹ̀rẹ̀ ni a óò lè fi ìdí ọdún múlẹ̀.

Bí ó bá pé ọdún náà, Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ni a ń kọ̀wé sí, àwọn elétò ààbò yóò wádìí ẹni náà, ó sì lè pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ìbúra ni ó kẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àlejò 286 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ di ọmọ Nàìjíríà lọ́jọ́ kan náà ní Abuja, àwọn tó gba ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ àti àwọn tó gba ọ̀nà ìsọdọmọ pa pọ̀. Ẹni tí a sọ di ọmọ báyìí kò lè di Ààrẹ tàbí Gómìnà, ọmọ nípa ìbí nìkan ni ó lè dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọdún méje tó pé lórí ìsọdọmọ rẹ̀, Ààrẹ lè gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó tó forúkọ sílẹ̀ kò sí lábẹ́ ewu ti ọdún méje yìí. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ tún wà níbẹ̀.

Àwọn kan nínú yín yóò máa wí pé, kí ni ìwé já mọ́, ẹni tó ti bá wa gbé pẹ́ ti di tiwa. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ẹjìgbò, ní Ọ̀fà àti ní Ṣakí. Àwọn ará wa láti àwọn ìlú wọ̀nyí ti kún Kùmásí, Tàmálè àti Àkúrà bámúbámú, tí wọ́n ń tajà ní gbogbo ọjà, tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n sì bímọ tó ń sọ èdè Àṣáńtì bí ẹni pé ilé Àṣáńtìhẹ́nè ni wọ́n ti bí wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ kò rí i tà tán, ẹni tó yá ènìyàn lówó kò rí i gbà. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀ kò bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí ni ọkọ̀ já sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń béèrè ibi tí a gbé wọn dé ní èdè tí ìyá ilé kò gbọ́.

Kí a má sì ṣe rò pé Gáná nìkan ni ó hu irú ìwà yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, àwa náà pàṣẹ fún àlejò tí kò ní ìwé pé ọ̀sẹ̀ méjì ni kí wọ́n fi kó ẹrù wọn, àwọn ará Gáná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ. Àpò alágbòòrò onílà tí wọ́n fi kó aṣọ wọn nígbà náà ni ẹ ń gbé lọ sí ọjà títí di òní tí ẹ ń pè ní “Gánà-mọ́sì-gò”, orúkọ tí kò dára láti máa pe nǹkan tí ọmọdé ń gbé rìn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú àwọn tó lọ, aránṣọ wà níbẹ̀, ọkọ ìyàwó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Níbo ni òfin yìí ti wá?

Ó yẹ kí á mọ ibi tí òfin tó ya ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé àṣà ilẹ̀ wa ni. Ìlú òyìnbó ni ó ti wá. Láti ọdún 1870, bí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ àlejò, ó pàdánù ipò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kà á mọ́, bí ìgbà tí a gbé àpótí láti yàrá kan sí òmíràn. Ìgbà tí òfin ọdún 1948 dé ni wọ́n tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Òfin náà sọ pé àlejòbìnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì lè forúkọ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa àlejò ọkùnrin tó bá fẹ́ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a gba òmìnira lọ́dún 1960, irú rẹ̀ gan-an ni a kọ sínú ìwé òfin tiwa. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún 1999.

Àwọn tí a kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn ti pa á tì. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí òfin tuntun wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyàwó àti ọkọ dọ́gba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó bá jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ ilẹ̀ náà lè béèrè ìsọdọmọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó ti ń gbé ibẹ̀. Gáná pẹ̀lú ti tún tirẹ̀ ṣe. Ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 sọ pé obìnrin tó fẹ́ ọkùnrin Gáná, tàbí ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin Gáná, lè kọ̀wé kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọkùnrin Yorùbá bá fẹ́ ọmọ Kùmásí lónìí, ìgbéyàwó rẹ̀ yóò ṣílẹ̀kùn fún un ní Gáná. Bí ọmọbìnrin Yorùbá bá fẹ́ ọkùnrin Kùmásí, ìgbéyàwó rẹ̀ kò lè ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn obìnrin ti gbìyànjú láti yí i padà. Àbádòfin kan dé iwájú àwọn aṣòfin ní Abuja pé kí ọkọ àlejò náà lè forúkọ sílẹ̀ bí ìyàwó àlejò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n dìbò lé e lórí, ó sì ṣubú, òun àti àwọn mìíràn tó kan ẹ̀tọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin tú jáde sí ẹnu ọ̀nà Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn kò lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ilé Kékeré sọ pé àwọn yóò tún mẹ́ta nínú àwọn àbádòfin náà gbé yẹ̀ wò, ti ọkọ àlejò sì wà lára wọn. Gbogbo rẹ̀ kò yọrí sí pé kí wọ́n yí abala 26 padà.

Ohun tí àwọn alátakò ń wí ni pé bí a bá gbà á, àwọn àjèjì yóò máa fẹ́ àwọn ọmọbìnrin wa nítorí ìwé lásán. Èmi kò kọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà lè fẹ́ ọkùnrin nítorí ìwé, a kò sì tìtorí ìyẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó àlejò. A kàn ń wádìí wọn ni. Ìwádìí tí a fi ń mọ ìyàwó tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú yóò mọ ọkọ tòótọ́ pẹ̀lú.

Nípa ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tàbí tí ọmọ yín wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkurú ni mo ní. Ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí tó bá di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò pàdánù Nàìjíríà lábẹ́ ìwé òfin ọdún 1999. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìforúkọsílẹ̀ tàbí ìsọdọmọ ni òfin kò gbà láyè láti ní ẹlòmíràn kún un, àfi ilẹ̀ tí a bí i mọ́. Nítorí náà ìyàwó Kétu wa kò ní láti kọ ilẹ̀ Benin sílẹ̀ kí ó tó di tiwa, níwọ̀n bí òfin wa ti rí. Èkejì ni ti ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1983 yẹn ni ìbí nìkan kò ti tó mọ́. Bàbá tàbí ìyá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí kí ó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí ní ọjọ́ tí a bí ọmọ náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí òbí sì wá gba àṣẹ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, a lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún 18. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ tí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ náà lè forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ̀ títí ọmọ fi fẹ́ wọ yunifásítì tí wọ́n sọ fún un pé iye owó àlejò ni yóò san.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìmẹ̀kọ. Bí mo bá jẹ́ ọmọbìnrin ilé yẹn, ohun tí màá ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Màá ní kí ọkọ mi lọ gba ìwé ìrìnnà tàbí káàdì orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó sì gba ẹnu bodè kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́nà ẹ̀tọ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un. Màá bá a dé ọ́fíìsì àjọ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àwọn àlejò, kí ó gba káàdì ìgbélùú ti ọmọ ECOWAS, kí ó sì máa tún un ṣe bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé. Màá ní kí ó máa san owó orí, kí ó sì máa tọ́jú rìsíìtì. Ìwé tí ó fi gba ilé, ìwé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá ni yóò wọnú àpótí kan tí mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni a ṣe, màá wá ìwé ẹ̀rí sí i nígbà tí àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ ṣì wà láyé.

Ti àwọn ọmọ tún ṣe pàtàkì jù. Àjọ Ìkànìyàn máa ń kọ orúkọ ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ bí a bá tètè lọ kí 60 ọjọ́ tó pé. Kí orúkọ ìyá hàn gbangba nínú ìwé ìbí náà, kí ó sì bá èyí tó wà nínú ìwé ìyá mu lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ yìí ti gba Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí akọ̀wé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ bá wò yín lójú, tí ó ní ìlú bàbá ọmọ ni òun béèrè, pé òun kò lè kọ ti ìyá. Ohun tí ó ń béèrè ni ìlú tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá, ohun ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Kí ẹ fi ìwé tiyín siwájú rẹ̀, kí ẹ rọra sọ fún un pé abala 25 sọ pé “bàbá tàbí ìyá”, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ká ní òní ni káfíńtà náà gba káàdì ìgbélùú rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì bí àkọ́bí wọn lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ náà yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò jáde, yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò sì ti fẹ́ẹ̀ pé ọdún 15 kí bàbá rẹ̀ tó lè kọ ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Abuja. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ náà ni yóò bá a kọ ọ́.